Ẹ̀kọ́ Tó Yẹ Kó Dé Ẹnu Ọ̀nà: Àgbéyẹ̀wò Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Ìwà fún Àwọn Tó Ń Ṣèwádìí Ìlera

Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe ìwádìí lórí èèyàn ní ilé ìwòsàn ńlá tàbí yunifásítì ní Nàìjíríà lónìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ ètò iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó ìwà nínú ìwádìí ìlera. Ìgbìmọ̀ náà yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Ewu wo ló wà níbẹ̀? Ta ni yóò jàǹfààní rẹ̀? Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n fẹ́ wádìí lára wọn? Lára ohun tí wọ́n sì máa ń béèrè ni ẹ̀rí pé olùwádìí náà ti gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí ìwà tó tọ́ nídìí iṣẹ́ yìí.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà ni mo fẹ́ gbé yẹ̀wò. Ibo ló ti wá? Àwọn wo ló ń gbà á? Kí ló lè ṣe, kí sì ni agbára rẹ̀ kò ká? Nígbà tí mo to gbogbo rẹ̀ pọ̀, ohun tí mo rí ni pé ẹ̀kọ́ yìí ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàárín àwọn tó ń kọ ètò ìwádìí, ṣùgbọ́n kò tíì dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bá aráàlú sọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọwọ́ àwọn wọ̀nyí gan-an ni ìyọ̀ǹda wà.

Ohun tó bí ẹ̀kọ́ yìí

Ìyà ló bí i. Ní 1947, nígbà tí ilé ẹjọ́ ní Nuremberg dá ẹjọ́ àwọn dókítà Jámánì tó fi ẹlẹ́wọ̀n dánra wò lásìkò Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn adájọ́ la ìlànà mẹ́wàá sílẹ̀. Àkọ́kọ́ nínú wọn ni pé ẹni tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ìwádìí gbọ́dọ̀ gbà tinútinú, láìsí ipá, láìsí ẹ̀tàn. Ní 1964, Ẹgbẹ́ Àwọn Dókítà Lágbàáyé gbé Ìkéde Helsinki jáde, wọ́n sì ti tún un ṣe lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà náà. Oṣù kẹwàá 2024 ni àtúnṣe tó kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ìwé nìwọ̀nyí. Ẹni tó bá wù ló ń kà wọ́n.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Tuskegee, ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà, ló fi hàn pé ìlànà tó wà nínú ìwé lásán kò lè gba ẹnikẹ́ni là. Láti 1932 títí di 1972, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba àpapọ̀ ibẹ̀ ń tọpa nǹkan bíi 600 ọkùnrin aláwọ̀ dúdú. Àrùn síífílíìsì wà lára 399 nínú wọn. Wọn kò sọ orúkọ àrùn náà fún wọn. Wọ́n kàn ń sọ fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ wọn kò dára. Nígbà tí pẹnisílíìnì wá di oògùn tí gbogbo ayé mọ̀ pé ó ń wo àrùn náà, wọn kò fún wọn, nítorí wọ́n fẹ́ mọ ohun tí àrùn yóò ṣe sí ara tí a kò bá tọ́jú rẹ̀. Oṣù keje 1972 ni ìwé ìròyìn tú àṣírí náà. Ní 1974, wọ́n ṣe òfin lórí ìwádìí. Ní 1979, Ìwé Belmont jáde pẹ̀lú ìpìlẹ̀ mẹ́ta tí ọ̀pọ̀ kíláàsì ìwà ìwádìí ń fi bẹ̀rẹ̀ títí dòní: bíbọ̀wọ̀ fún èèyàn, ṣíṣe rere fún un, àti pípín ẹrù àti èrè láìṣègbè.

Ẹnì kan wà nínú ìtàn Tuskegee tí kì í sábà gba àyè tó nínú àwọn kíláàsì wọ̀nyẹn. Orúkọ rẹ̀ ni Eunice Rivers, nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú. Àwọn dókítà ń wá, wọ́n ń lọ, wọ́n ń gba ipò mìíràn. Rivers kò kúrò. Òun ló ń fi ọkọ̀ gbé àwọn ọkùnrin náà lọ fún àyẹ̀wò, òun ló mọ ilé wọn àti ìyàwó wọn, òun ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé. Ọ̀pọ̀ ìdájọ́ ni àwọn òpìtàn ti ṣe lórí rẹ̀, àwọn kan dá a lẹ́bi, àwọn mìíràn ro ipò tó wà. Ohun tó kàn wá níbí ni pé ìwádìí náà kì bá tí pé 40 ọdún láìsí ẹnìkan tó dúró láàárín àwọn oníwèé àti àwọn ará abúlé. Níbi tí Rivers dúró sí yìí, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀ lónìí, láti Kẹ́ńyà títí dé Ọ̀yọ́.

Ní 1999, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 18 kan kú nínú ìwádìí ní Yunifásítì Pennsylvania. Lẹ́yìn èyí, NIH, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń náwó sórí ìwádìí ìlera, pàṣẹ pé láti oṣù kẹwàá 2000, gbogbo òléwájú nínú ìwádìí tí wọ́n ń náwó sí lórí èèyàn gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn pé wọ́n ti kọ́ ẹ̀kọ́ ìwà. Àṣẹ yìí ló sọ ẹ̀kọ́ náà di ohun tí a ń gba ìwé ẹ̀rí lé lórí. Ọdún yẹn kan náà ni ètò CITI, tó ti Yunifásítì Miami bẹ̀rẹ̀, gbérasọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nítorí pé owó Amẹ́ríkà ń bọ́ ọ̀pọ̀ ìwádìí ní Áfíríkà, àṣẹ náà tẹ̀lé owó náà wọlé.

Kano, 1996

Àwa náà ní ìyà tiwa. Ní 1996, àrùn yírùnyírùn jà ní apá àríwá Nàìjíríà, ó sì pa èèyàn tó lé ní 11,000. Iléeṣẹ́ Pfizer wá sí ilé ìwòsàn àwọn alárùn àkóràn ní Kano láti dán oògùn tuntun kan tí wọ́n ń pè ní Trovan wò. Wọ́n kó 200 ọmọdé wọ inú ìwádìí náà: wọ́n fún 100 ní Trovan, wọ́n fún 100 ní oògùn tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀. Ọmọ 11 kú, márùn-ún nínú àwọn tó gba Trovan, mẹ́fà nínú àwọn yòókù. Nínú ọgbà ilé ìwòsàn yẹn kan náà, àwọn dókítà láti MSF, ẹgbẹ́ aláàánú àgbáyé, ń tọ́jú àwọn aláìsàn lọ́fẹ̀ẹ́.

Oṣù kejìlá 2000 ni ìwé ìròyìn Washington Post gbé ọ̀rọ̀ náà jáde. Àwọn òbí sọ pé ẹnikẹ́ni kò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni, tàbí pé àwọn lè gbé ọmọ àwọn lọ sọ́dọ̀ MSF. Pfizer ní àwọn nọ́ọ̀sì ti ṣàlàyé fún wọn lẹ́nu, wọ́n sì ti gbà. Ìwé àṣẹ kan tún jáde tí wọ́n ní ìgbìmọ̀ ìwà ilé ìwòsàn kan ló kọ ọ́. Ó padà hàn pé ilé ìwòsàn náà kò tíì ní irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ tó wà lórí ìwé náà. Ẹjọ́ pẹ́ títí. Ní 2009, Pfizer àti ìjọba ìpínlẹ̀ Kano parí rẹ̀ pẹ̀lú àdéhùn 75 mílíọ̀nù dọ́là, láìgbà pé àwọn jẹ̀bi.

Àbájáde rẹ̀ ju owó lọ. Nígbà tí Kano kọ abẹ́rẹ́ àjẹsára rọpárọsẹ̀ ní 2003, ìrántí Trovan wà lára ohun tó dá ìfura náà sílẹ̀. Àrùn náà tàn láti ibẹ̀ lọ sí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Oṣù kẹjọ 2020 ni wọ́n tó kéde pé rọpárọsẹ̀ ti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ti kúrò ní Áfíríkà. Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ ìwà nínú ìwádìí jẹ́ ti àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan, kí ó ronú kan àwọn ọmọ tí àìgbẹ́kẹ̀lé yìí fi sílẹ̀ láìgba àjẹsára.

Ẹ wo ibi tí àríyànjiyàn Kano dúró sí. Lápá kan, ọ̀rọ̀ agbára àti okòwò ni, ẹ̀kọ́ nìkan kò sì lè wò ó sàn: àwọn dókítà iléeṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ mọ ìlànà. Ṣùgbọ́n lápá kejì, gbogbo rẹ̀ dá lórí ohun tí nọ́ọ̀sì sọ fún òbí tí ọmọ rẹ̀ ń kú lọ, ní èdè rẹ̀, láàárín ariwo àjàkálẹ̀ àrùn. Ìwé kankan kò sí tí a lè fi mọ ohun tí ẹnu sọ.

Ohun tí a ti kọ́ sílẹ̀ láti ìgbà náà

Nàìjíríà kò jókòó lásán. Ìjọba dá Ìgbìmọ̀ Orílẹ̀-èdè lórí Ìwà nínú Ìwádìí Ìlera sílẹ̀, ìyẹn NHREC, àwọn yẹn sì gbé Òfin Ìwà jáde ní 2007. Òfin Ìwà náà sọ irú ẹni tó gbọ́dọ̀ wà nínú ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn àti yunifásítì, títí kan ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́ sáyẹ́ǹsì àti ẹni tó ti ìta wá. Ó sọ pé ẹ̀jẹ̀ tàbí ẹran ara èèyàn kò gbọdọ̀ kúrò ní Nàìjíríà láìsí àdéhùn, ó sì fún ìgbìmọ̀ láṣẹ láti lọ wo iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe é. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014 wá fi agbára òfin ti gbogbo rẹ̀ lẹ́yìn: ó ní ìyọ̀ǹda gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ sílẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣàlàyé ète ìwádìí àti ohun tó lè ṣe sí ìlera ẹni náà. Ní Orílẹ̀-èdè Benin, òfin tiwọn lórí ìwà nínú ìwádìí ìlera jáde ní oṣù kejìlá 2010.

Nípa ìdánilẹ́kọ̀ọ́, Ìbàdàn ni ojú iṣẹ́ náà wà. Ní 2000 ni ilé iṣẹ́ Fogarty, tó wà lábẹ́ NIH, bẹ̀rẹ̀ sí náwó sórí kíkọ́ àwọn ará orílẹ̀-èdè tí kò lọ́rọ̀ ní ẹ̀kọ́ ìwà ìwádìí. Owó yìí ló ran ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Clement Adebamowo dá sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn lọ́wọ́. Láti ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ oyè másítà nínú ẹ̀kọ́ yìí ti jáde, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ ìgbìmọ̀ ti gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà tún ti ṣe alága NHREC rí.

Ọ̀nà mẹ́rin tí wọ́n ń gbà kọ́ ọ

Tí a bá kó gbogbo ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó wà jọ, oríṣi mẹ́rin ni.

Àkọ́kọ́ ni ti orí íntánẹ́ẹ̀tì, irú CITI tàbí TRREE. TRREE jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì wà ní èdè bíi mélòó kan, èyí tó mú kó rọrùn fún àwọn ará Benin àti Tógò tó ń fi Faransé ṣiṣẹ́. Àǹfààní ọ̀nà yìí pọ̀: ohun kan náà ni gbogbo ènìyàn ń kọ́, ó ń fi ìtàn àti ìpìlẹ̀ yé ni, ẹni tó wà ní ìlú kékeré sì lè rí i lò. Àléébù rẹ̀ ni pé ìdáhùn ló máa ń wà nílẹ̀ fún ni láti mú. Ẹni tó bá mọ ìdánwò ṣe lè gba àmì tó ga láìtíì bá aláìsàn kan ṣoṣo sọ̀rọ̀. Òfin Amẹ́ríkà ló sì kún inú ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Èkejì ni ìpàdé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ díẹ̀. Níbẹ̀, àwọn èèyàn ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ tó ṣẹlẹ̀ gan-an, wọ́n sì ń gbọ́ ẹnu ara wọn. Mo gbà pé ó dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá ni wọ́n sábà ń pè sí i, kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ni ẹnì kan ń padà lọ wò bóyá ohun tí wọ́n kọ́ ti yí iṣẹ́ wọn padà.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀kọ́ oyè. Èèyàn díẹ̀ ló lè gbà á, ṣùgbọ́n àwọn ló ń di olùkọ́ fún àwọn yòókù, àwọn ló ń mú kí ìgbìmọ̀ mọ ohun tó ń ṣe. Láìsí wọn, orílẹ̀-èdè yóò máa gbára lé àlejò títí láé.

Ẹ̀kẹrin ni èyí tí kò ní ìwé ẹ̀rí: ohun tí ọmọ iṣẹ́ ń rí lọ́wọ́ ọ̀gá. Dókítà kékeré tó gbọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ ń sọ pé, “Ẹ ṣáà jẹ́ kí màmá tẹ̀ka, a ò ní àsìkò,” ti gba ẹ̀kọ́ tí ìpàdé ọlọ́jọ́ mẹ́ta kò ní lè mú kúrò lọ́kàn rẹ̀. Èyí tó rí i tí ọ̀gá jókòó ti aláìsàn, tó dúró dè é kó ronú, tó sì gbà á tayọ̀tayọ̀ nígbà tí aláìsàn ní òun kò ṣe, ti kọ́ ohun tó pọ̀ ju ohun tó wà nínú Ìwé Belmont lọ. Ọ̀nà kẹrin yìí ló lágbára jù. Òun náà ni kò sẹ́ni tó ń mójú tó.

Kí ni àwọn tí a ń wádìí lára wọn lóye?

Ìdánwò tí a ń ṣe fún olùwádìí kò lè sọ èyí fún wa. Ẹni tí a ń wádìí lára rẹ̀ ni ó yẹ ká bi. Ní 2015, Nguyen Thanh Tam àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àbájáde 103 ìwádìí láti ọgbọ̀n ọdún jọ, nínú ìwé àkànṣe Àjọ Ìlera Àgbáyé. Nínú 100 ẹni tó kópa, nǹkan bíi 76 ló mọ̀ pé àwọn lè kúrò nígbà tó bá wù wọ́n. Ṣùgbọ́n nǹkan bíi 53 péré ló lóye pé oògùn adíbọ́n lè wà níbẹ̀, nǹkan bíi 52 ló sì lóye pé ìbò ni wọn yóò dì láti mọ ẹni tí oògùn tuntun kàn. Kì í ṣe tálákà nìkan ló wà nínú iye yìí. Àwọn ará orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń fọwọ́ sí ohun tí wọ́n rò pé ìtọ́jú ni.

Ọ̀nà àbáyọ kò jìnnà. Ní Gambia, Muhammed Afolabi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àlàyé ìyọ̀ǹda sínú ohùn àti àwòrán, ní èdè àwọn ará ibẹ̀. Wọ́n fi wé ọ̀nà àtijọ́. Àwọn tó gba ọ̀nà tuntun lóye jù, ohun tí wọ́n gbọ́ sì pẹ́ lọ́kàn wọn jù.

Àwọn tó ń kan ilẹ̀kùn

Nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí ìlera ní àdúgbò wa, kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ló ń lọ láti ilé dé ilé. Ọ̀dọ́ tó gbọ́ èdè àdúgbò ni, tó ti parí ilé ìwé gíga tàbí tó ń ṣiṣẹ́ ní ìbùdó ìlera, tí wọ́n gbà fún oṣù díẹ̀. Òun ló ń gbé fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ dé iwájú ìyá tó ń ta gààrí. Tí ọ̀gá bá fún un ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rárá, bí wọ́n ṣe ń kún fọ́ọ̀mù ló sábà máa ń jẹ́.

Ìwádìí Dorcas Kamuya ní Kilifi, ní Kẹ́ńyà, fi ìṣòro àwọn wọ̀nyí hàn kedere. Bí wọ́n ṣe ń padà lọ sí ilé kan náà, wọ́n ń di ọ̀rẹ́ àwọn onílé. Aláìní ń tọrọ ìrànlọ́wọ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó fẹ́ kúrò nínú ìwádìí ń tijú láti sọ bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀rẹ́. Kíláàsì orí íntánẹ́ẹ̀tì kò kọ́ wọn ní ohun tí wọn yóò ṣe.

Nílẹ̀ Yorùbá, ọ̀wọ̀ tún dá kún un. Baálẹ̀ ti gbà pé kí wọ́n wọ ìlú. Ta ni yóò wá sọ pé òun kò ṣe? Ìyàwó lè fẹ́ bá ọkọ rẹ̀ sọ ọ́ kó tó dáhùn, èyí kò sì burú, bí ìpinnu ìkẹyìn bá ti jẹ́ tirẹ̀. Àgbàlagbà lè ní “ó dáa” kí àlejò má baà lọ pẹ̀lú ìtìjú. Ọ̀dọ́ tó ń kún fọ́ọ̀mù kò sì lè dán àgbàlagbà wò bí ọmọ ilé ìwé, kó bi í bóyá ohun tí òun sọ yé e. Ṣùgbọ́n ọ̀nà wà tí ọmọ tó kọ́ dáadáa ń gbà: “Mà, mo fẹ́ mọ̀ bóyá mo ṣàlàyé bó ṣe yẹ. Tí ọmọ yín bá dé lálẹ́ yìí, tó ní kí ni àwọn wọ̀nyí wá ṣe, kí lẹ máa sọ fún un?” Ìdáhùn màmá ni yóò sọ bóyá ìyọ̀ǹda wà. Irú ìbéèrè báyìí kì í jáde lẹ́nu ẹni tí kò tíì fi dánra wò lójú ẹlòmíràn.

Wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó rán ni níṣẹ́ náà ní ojúṣe tirẹ̀. Tó bá jẹ́ iye fọ́ọ̀mù tí ọ̀dọ́ náà kún ni wọ́n fi ń sanwó fún un, kí ó má ṣe yà wá lẹ́nu tó bá kánjú.

Ohun tí Ìbàdàn kọ́ ayé

Àpẹẹrẹ rere kan wà nílé. Ní oṣù kẹwàá 2002, àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí HapMap, láti mọ bí ohun àjogúnbá inú ẹ̀jẹ̀ ṣe yàtọ̀ láàárín àwọn èèyàn ayé. Nínú àwọn tó fún wọn ní ẹ̀jẹ̀, 90 jẹ́ Yorùbá láti Ìbàdàn: ọgbọ̀n ìdílé, baba, ìyá àti ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ náà yóò wà ní ibi ìpamọ́ kan ní Camden, ní New Jersey, níbi tí àwọn olùwádìí gbogbo ayé ti lè rí i lò fún ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbà á. Wọn kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí i. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá rí nínú rẹ̀, Yorùbá ni wọn yóò máa pè é.

Nítorí náà, Charles Rotimi, ọ̀kan lára àwọn onímọ̀ náà, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ sórí ìwé ìyọ̀ǹda. Wọ́n kọ́kọ́ bá àdúgbò sọ̀rọ̀ nípàdé, wọ́n gbọ́ ohun tí àwọn èèyàn ń bẹ̀rù àti ohun tí wọ́n ń retí, wọ́n sì yan ìgbìmọ̀ olùdámọ̀ràn láàárín àwọn ará àdúgbò. Orúkọ tí wọ́n fi ń pe ẹ̀jẹ̀ náà títí dòní ni “Yorùbá ní Ìbàdàn, Nàìjíríà”, kí ẹnikẹ́ni má baà fi 90 èèyàn ṣe aṣojú gbogbo Áfíríkà. Àwọn kan lára àwọn tó lọ bá àdúgbò sọ̀rọ̀ tún kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìwà ní Ìbàdàn. Ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ pàdé níbẹ̀, èso rẹ̀ sì hàn.

Ohun tó kù láti ṣe

Bí mo ṣe rí ọ̀rọ̀ náà nìyí. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn olórí ìwádìí ti wà, ó sì yẹ kó máa bá a lọ. Láti ibi tí a dé yìí, èrè tó pọ̀ jù kò sí nínú fífi ìwé ẹ̀rí kún ìwé ẹ̀rí wọn. Ó wà nínú kíkọ́ ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn.

Àwọn ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn àti yunifásítì wa lè bẹ̀rẹ̀ èyí láìdúró de òfin tuntun. Kí wọ́n fi ìbéèrè mẹ́rin kún ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo olùwádìí. Ta gan-an ni yóò gba ìyọ̀ǹda? Ní èdè wo? Ta ló ti gbọ́ bí ẹni náà ṣe ń ṣàlàyé ìwádìí náà ní Yorùbá, tàbí ní èdè mìíràn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀? Báwo ni wọ́n ṣe ń sanwó fún un? Ẹni tí kò bá lè dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí wọ́n dá ìwé rẹ̀ padà fún àtúnṣe.

Kí àwọn tó ń náwó sórí ìwádìí pẹ̀lú ya owó sọ́tọ̀ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn òṣìṣẹ́ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe èyí tó bá ṣẹ́kù. Kí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà jẹ́ ti ẹnu àti ti ìṣe: ọjọ́ méjì tí wọn yóò fi máa ṣàlàyé fún ara wọn, tí àwọn ará àdúgbò yóò jókòó gbọ́, tí wọn yóò sì sọ ibi tí kò yé wọn. Kí ìgbìmọ̀ sì lo àṣẹ tí Òfin Ìwà ti 2007 ti fún wọn: kí wọ́n lọ sí pápá, kí wọ́n jókòó ti òṣìṣẹ́ kan láàárọ̀ kan ṣoṣo, kí wọ́n fetí ara wọn gbọ́.

Ohun tí èyí yóò ná wa kò pọ̀ tó owó ẹjọ́ Kano, kò sì tó ọdún tí rọpárọsẹ̀ fi wà láàárín wa lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn èèyàn wa ṣì ń ṣílẹ̀kùn fún olùwádìí, wọ́n ṣì ń na apá wọn fún abẹ́rẹ́. Gbèsè àlàyé tó yé wọn yékéyéké ni a jẹ wọ́n, ó sì yẹ ká san án kí wọ́n tó fọwọ́ sí ohunkóhun.